Bíréèkì Tó Ń Ké: Owó Páàtì àti Owó Ojú

Bí ẹ bá bi ẹnikẹ́ni tó ní ọkọ̀ àtijọ́ ní Nàìjíríà pé èló ni páàdì bíréèkì, yóò ti dá yín lóhùn kí ẹ tó pa ẹnu dé. Ó mọ iye ojúlówó, ó mọ iye ayédèrú, ó sì mọ iye àlòkù tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní Bẹ́líjíọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n ẹ bi í pé èló ló yẹ kí ènìyàn san fún mẹkáníìkì tó jókòó ti ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan fún wákàtí méjì, tó tú u, tó yẹ̀ ẹ́ wò, tó sì mọ ohun tó ń ṣe é gan-an. Ẹ ó rí i pé ẹnu rẹ̀ yóò wọlé. Lójú tèmi, àìmọ iye owó kejì yìí ló fà á tí a fi ń san owó àkọ́kọ́ léraléra.

Bíréèkì ẹ̀yìn ọkọ̀ mi ló jẹ́ kí n rí ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀. Golf 4 ni ọkọ̀ ọ̀hún, wọ́n ṣe é ní ọdún 2001, ó sì gba Kùtọnu wọ Nàìjíríà bíi ti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Àbújá ni mò ń gbé. Iṣẹ́ kíkọ ni mò ń ṣe jẹun, n kò sì sí lábẹ́ ilé iṣẹ́ kankan, nítorí náà ọkọ̀ yìí ni ọ́fíìsì mi. Òun ló ń gbé mi lọ sí Kẹ́fí, òun ló ń gbé mi lọ sí Mìnà, àti ibikíbi tí ẹni tí mo fẹ́ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò bá wà. Òun náà ló ń gba Lọ́kọ́ja àti Ọbajánà gbé mi lọ kí ìyá mi ní Kàbbà. Nígbà mìíràn ìyá mi á jókòó sẹ́yìn, a ó sì jọ padà sí Àbújá láti lọ rí dókítà rẹ̀. Ẹni tó bá mọ òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó yí Lọ́kọ́ja ká, tó sì mọ bí àwọn ọkọ̀ àjàgbé ṣe ń sáré níbẹ̀, yóò mọ̀ pé bíréèkì kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà lójú ọ̀nà yẹn.

Ariwo náà kọ́kọ́ dà bí ohùn ẹyẹ kékeré, láti ẹ̀yìn lápá òsì, nígbà tí mo bá ń rọra sún mọ́ iná ojú pópó. Láàárín oṣù kan ó ti di igbe. Àwọn ọmọ tó ń ta gúgúrú láàárín ọkọ̀ á ti yí ojú sí mi kí n tó dúró.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ kò tíì tú ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà tó fi sọ̀rọ̀. “Màdáámù, páàdì ti jẹ tán ni.” Mo ra páàdì ẹ̀yìn ní 22,000 náírà, mo san 4,000 fún iṣẹ́. Ọkọ̀ dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mẹkáníìkì kejì wo páàdì tuntun yẹn, ó kán ètè, ó ní ayédèrú ni. Ó ní kí n ra òmíràn, kí n sì pààrọ̀ dísìkì méjèèjì mọ́ ọn. Mo rà wọ́n. Nígbà yìí ó dákẹ́ díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, àmọ́ nígbà tó fi máa di oṣù méjì, igbe náà ti padà, ó sì mú òórùn dání, bí ìgbà tí nǹkan bá ń jóná láìyọ iná. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo na ọwọ́ sún mọ́ rímù ẹ̀yìn lápá ọ̀tún: kò gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Mo na ọwọ́ sún mọ́ ti òsì: ooru rẹ̀ jù mí lọ́wọ́ sẹ́yìn kí n tó kàn án.

Kí n tó sọ ohun tí mẹkáníìkì kẹta ṣe, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí nǹkan yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni ọ̀rọ̀ “páàdì ti jẹ tán” máa ń tètè tẹ́ lọ́rùn.

Bí ọkọ̀ bá ń lọ, tí ẹ bá tẹ bíréèkì, ìwúwo ọkọ̀ náà máa ń ya síwájú. Ẹ ti rí i bí imú ọkọ̀ ṣe máa ń tẹ̀ sílẹ̀. Ìdí nìyí tí bíréèkì iwájú fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ti ẹ̀yìn ń ṣe ìrànlọ́wọ́ ni, ó ń mú kí ìdí ọkọ̀ dúró ṣinṣin. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Ṣùgbọ́n ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀ ló máa ń tètè dípẹtà. Irin tí kì í gbóná dáadáa kì í gbẹ dáadáa, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀yìn ọkọ̀ ni eruku ọyẹ́ àti ẹrẹ̀ òjò máa ń tú sí.

Dísìkì ni irin róbótó tó ń bá táyà yí. Kálípà ni irin tó gbá a mọ́ra bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ, páàdì kan nínú, páàdì kan lóde. Nínú irú ọkọ̀ tèmi yìí, písítìnì kan ṣoṣo ló wà, ẹ̀gbẹ́ inú ló sì wà. Nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, písítìnì á ti páàdì inú mọ́ dísìkì. Lẹ́yìn náà kálípà fúnra rẹ̀ á yọ̀ díẹ̀ lórí píìnì méjì, á sì fa páàdì òde wá pàdé dísìkì láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Gbogbo rẹ̀ dúró lórí yíyọ̀ yẹn. Bí gíríìsì tó wà lára píìnì bá gbẹ, tí omi bá gba inú rọ́bà rẹ̀ wọlé, kálípà kò ní í lè yọ̀ mọ́. Páàdì inú nìkan ni yóò máa ṣiṣẹ́, yóò máa jẹ, yóò máa gbóná, yóò máa ké. Ti òde á máa wòran.

Háńbíréèkì tún wà níbẹ̀. Lára ẹ̀yìn Golf 4 tó ní dísìkì, kálípà kan náà ni háńbíréèkì ń lò. Wáyà kan wà tó ń ti abẹ́ ọkọ̀ lọ fa apá kékeré kan lára kálípà. Bí ẹ bá fa háńbíréèkì, apá náà á yí, á ti páàdì mọ́ dísìkì. Bí ẹ bá tú u sílẹ̀, ó yẹ kí apá náà padà sí àyè rẹ̀ pátápátá. Bí kò bá padà tán, bíréèkì á máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn bí ẹ ṣe ń lọ, láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ yín kan ohunkóhun. Ta ló sì ń fa háńbíréèkì ní Nàìjíríà? Òkúta là ń fi há táyà. Ọ̀pọ̀ tó ń wa ọkọ̀ aláìníjíà-ọwọ́ gbà pé bí àwọn bá ti fi jíà sí P, ó ti parí. Wáyà tí kò ṣiṣẹ́ láti ọdún kan dé ìkejì á dípẹtà nínú àpò rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹnìkan bá wá fà á, bóyá ọmọ tó ń fọ ọkọ̀ tàbí àlejò tí ẹ yá a, ó lè má padà sẹ́yìn mọ́.

Mẹkáníìkì kẹta jẹ́ bàbá kan tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ àwọn òpópónà ibẹ̀ ṣì jẹ́ ilẹ̀ pupa. Kò gbé jáàkì. Ó ní kí n jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè bí ẹni tó ń gba ìtàn àìsàn sílẹ̀.

“Ìyá mi, ṣé ìgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì ló ń ké, àbí ìgbà tí ẹ bá tú u sílẹ̀?”

Mo ní kì í dákẹ́ mọ́, pé bí mo bá tẹ̀ ẹ́ gan-an ló máa ń rọlẹ̀ díẹ̀.

“Ṣé òwúrọ̀ nìkan ni, àbí títí di alẹ́? Ṣé ó ń ké bí ẹ bá ń lọ sẹ́yìn? Bí ẹ bá tú jíà sílẹ̀ ní ibi tó dagun díẹ̀, ṣé ọkọ̀ ń yí fúnra rẹ̀, àbí ńṣe ló ń lọ́ra?”

Lẹ́yìn náà ló sọ pé owó wíwò òun jẹ́ 10,000 náírà, bóyá òun rí nǹkan tàbí òun kò rí. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń dúró de ọkọ̀ tirẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. “Bàbá, owó wíwò kẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ kọ́lé ni?” Bàbá náà kò dá a lóhùn.

Ìdí tí àwọn ìbéèrè yẹn fi ṣe pàtàkì ni pé ariwo bíréèkì kì í ṣe ohùn kan ṣoṣo. Gbogbo aláǹgbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bí ọkọ̀ bá sùn síta nínú òjò, tí ó sì ń ha díẹ̀ ní ìgbà méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́ tí ẹ tẹ bíréèkì láàárọ̀, ìpẹtà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni dísìkì ń nù kúrò lára rẹ̀. Kò sí wàhálà níbẹ̀. Bí ó bá ń ha láìdákẹ́, tí ohùn náà sì ń yí padà bí ẹ bá yà sọ́tùn-ún tàbí sósì, ó lè jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ ló há sáàárín dísìkì àti páánù tẹ́ẹ́rẹ́ tó bò ó lẹ́yìn. Ọwọ́ àti sukudiréfà ló ń yọ ìyẹn. Bí ó bá dún kọ́, lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, ó ṣeé ṣe kí páàdì máa mì nínú àyè rẹ̀ nítorí pé wọ́n ti sọ irin pẹlẹbẹ tó ń dì í mú nù. Igbe tó ga bíi fèrè máa ń jáde bí páàdì àti dísìkì bá ń gbọ̀n mọ́ ara wọn: ó ń dì í mú, ó ń tú u sílẹ̀, àìmọye ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Igbe mìíràn sì wà tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ fi síbẹ̀. Lára páàdì ọ̀pọ̀ ọkọ̀, irin kékeré kan wà tí yóò kan dísìkì tí páàdì bá ti ku nǹkan bíi mìlímítà 2 tàbí 3, kí ó lè ké sí awakọ̀ kí ewu tó dé. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi púláyà ká irin yìí kúrò kí oníbàárà lè ní ìsinmi etí. Èyí tó burú jù ni ohùn irin tó ń rọ́ irin. Páàdì kò sí mọ́ nígbà yẹn. Ẹ má wà á dé ilé.

Ó gbé òkúta sí iwájú àti ẹ̀yìn táyà iwájú, ó gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, ó sì fi sítáńdì tì í lábẹ́, kò gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan. Ó fi ọwọ́ yí ẹsẹ̀ ọ̀tún: ó yí. Ó yí ti òsì: ó le bí ọlọ ata. Nígbà tó tú u, ó gbé páàdì méjèèjì sórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kí n wò ó. Ti òde ṣì dà bí èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú páálí. Ti inú ti jẹ kọjá ìdajì, ìpẹ̀kun rẹ̀ kan sì tẹ́ẹ́rẹ́ ju ìkejì lọ.

“Ẹ rí i bí? Páàdì kọ́ ni ọ̀daràn. Òun ni wọ́n ń pa.”

Ó fi ìka ti píìnì òkè, ó yọ̀. Ó ti ti ìsàlẹ̀, kò mì rárá. Ó ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fa háńbíréèkì kó sì tú u sílẹ̀, ó sì nàka sí apá kékeré yẹn kí n wò ó: kò padà dé àyè rẹ̀. Ibí yìí ni mo ti rí ohun tí mò ń pè ní owó ojú. Kò sọ pé kí a ra kálípà tuntun. Ó yọ ẹnu wáyà kúrò lára apá náà, ó ní kí n máa wò ó. Bí apá náà kò bá padà lẹ́yìn tí wáyà kò sí lára rẹ̀ mọ́, inú kálípà ni àìsàn wà. Bí ó bá padà, wáyà ló jẹ̀bi. Apá náà padà, ta! Wáyà ni. A tọpa rẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, a sì rí ibi tí awọ rẹ̀ ti là, tí omi ti ń wọ inú rẹ̀.

Ohun tí a rà kò ju wáyà háńbíréèkì kan àti gíríìsì bíréèkì díẹ̀ lọ, pẹ̀lú páàdì tuntun, nítorí pé páàdì tó ti jẹ ségesège kò ṣeé dá padà. Dísìkì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá oṣù méjì, ó wọ̀n ọ́n, ó ní kò tíì sún mọ́ iye tó kéré jù tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ó fi sáńpépà ha ojú rẹ̀, ó dá a padà. Èyí tó kù, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ó fa píìnì tó há jáde, ó ha ìpẹtà rẹ̀ kúrò, ó fọ ihò rẹ̀. Kò fi gíríìsì tí wọ́n ń fi sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ pa á, nítorí pé irú gíríìsì bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí rọ́bà wú, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ìṣòro á padà. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì irin ha ibi tí etí páàdì ń jókòó sí títí páàdì fi ń yọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ìka lásán. Ó fi gíríìsì bíńtín sí ẹ̀yìn páàdì, kò jẹ́ kí ó kan ojú rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ dá písítìnì padà sínú, kò fi irin tì í ní tipátipá. Písítìnì ẹ̀yìn irú ọkọ̀ yìí, ńṣe ni wọ́n ń yí i bí wọ́n ṣe ń tì í. Ẹni tó bá fi agbára nìkan tì í yóò ba ohun tó wà nínú rẹ̀ jẹ́. Kí ó tó jẹ́ kí ọkọ̀ kúrò níbẹ̀, ó ní kí n tẹ bíréèkì títí yóò fi le lábẹ́ ẹsẹ̀, nítorí pé ìtẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè lọ sílẹ̀ pátápátá. Ó ṣe ti ọ̀tún náà bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kò ké. Wákàtí mẹ́ta ati ààbọ̀ ló gbà. Owó iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ 20,000 náírà, owó wíwò ti wà nínú rẹ̀. Ó ti lé ní ọdún kan báyìí. Kò tíì ké.

Ẹnìkan lè sọ pé mẹkáníìkì méjì àkọ́kọ́ kò mọ iṣẹ́. Mo rò ó títí, n kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ wọn yá, irinṣẹ́ wọn pé, ó sì dá mi lójú pé ẹni tó lè tú ẹ́ńjìnnì kó sì tò ó padà lè mọ píìnì tó há. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé kò sí ohun tó ń san wọ́n lówó láti wò ó. Ẹ ṣírò rẹ̀ bí ẹ bá wà ní ipò wọn. Oníbàárà yóò san 4,000 fún iṣẹ́, yóò sì tún bẹ̀bẹ̀ kí ẹ gba 3,000. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bá a ra páàdì, ọlọ́jà yóò fún yín ní tiyín lórí rẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé wọ́n ń fi nǹkan lé owó páàtì, a kàn ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ni. Mẹkáníìkì tó bá jókòó wákàtí mẹ́ta, tó sì rí i pé píìnì lásán ló há, ti pa ebi mọ́ ara rẹ̀ lójú. Èyí tó bá sọ pé “ẹ ra páàdì” láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún ti rí owó oúnjẹ, ó sì ti kan ọkọ̀ mìíràn. Àwa oníbàárà la fi owó wa kọ́ wọn pé kí wọ́n má wo ọkọ̀ wa. A ń fi ètè sílẹ̀, a ń pa làpálàpá, a sì ń san owó làpálàpá lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Mo mọ ọ̀rọ̀ yìí lára ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lórí ọkọ̀ lọ. Oníbàárà tó ń fún mi níṣẹ́ kì í bá atẹ̀wé jà lórí owó bébà, kì í bá ayàwòrán jà lórí owó kámẹ́rà. Àmọ́ bí ó bá kan owó tèmi, á ní, “Ọ̀rọ̀ 1,000 péré, tí ẹ kàn jókòó kọ?” Ọjọ́ mẹ́rin tí mo fi wá ẹni tó mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà, ìrìn àjò lọ sí Mìnà, ojú ìwé mẹ́ta tí mo pa rẹ́ nítorí pé kò dá mi lójú, kò rí èyíkéyìí nínú wọn, nítorí náà kò sí nínú ìṣirò rẹ̀. Ohun tó ṣeé fọwọ́ bà là ń sanwó fún. Ohun tí a fi ojú àti òye ṣe, a kà á sí ọ̀fẹ́.

Kì í ṣe Àbújá nìkan. Ẹ lọ sí Ladipo ní Èkó, ẹ lọ sí Suame Magazine ní Kumasi, níbi tí wọ́n ti ń pe mẹkáníìkì ní fítà, ẹ lọ sí etí títì ní Kùtọnu. Ẹ ó rí ọgbọ́n ọwọ́ tó lè jí ọkọ̀ tó ti kú dìde. Ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé wá fún wọn kò sì rọrùn. Ìròyìn tí àjọ UNEP gbé jáde ní ọdún 2020 sọ pé láàárín 2015 sí 2018, ọkọ̀ àlòkù kéékèèké mílíọ̀nù 14 ló ti Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Japan lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, àti pé nǹkan bí ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló wá sí Áfíríkà. Ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun tó padà wálé ni Yorùbá ń pè ní Tòkunbọ̀. Ọkọ̀ wọ̀nyí ń jẹ́ orúkọ náà, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń dé láìmú káàdì ilé ìwòsàn lọ́wọ́. A kò mọ ọdún tí wọ́n ti pààrọ̀ òróró bíréèkì rẹ̀ kẹ́yìn. Nígbà òtútù, wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì ní Jámánì àti Bẹ́líjíọ́ọ̀mù kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ yẹn sì ti lè jẹ irin bíréèkì ọkọ̀ kan fún ọdún mẹ́wàá kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ló nílò ẹni tí yóò wò ó kó tó ra nǹkan sí i.

Mo mọ èsì tí ọ̀pọ̀ yóò fún mi. Wọ́n á ní owó kò sí, pé ẹni tó ń wa ọkọ̀ ọdún 2001 kò lówó láti san owó wíwò. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìṣirò tèmi: páàdì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, dísìkì méjì tí wọn kò bá má rà, owó iṣẹ́ lọ́nà mẹ́ta. Ká ní wíwò ló ṣáájú ni, wáyà kan, gíríìsì àti páàdì ẹ̀ẹ̀kan ni. Ẹni tí kò lówó gan-an ni kò yẹ kó máa ra nǹkan lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n á tún ní mẹkáníìkì kò ṣeé fọkàn tán, pé bí a bá san owó wíwò, wọ́n á gbà á, wọ́n á sì tún fi nǹkan lé owó páàtì. Àwọn kan á ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹni tó bá gba owó wíwò fi ohun tó rí hàn wá. Ẹ ní kó gbé páàdì inú àti ti òde síta kí ẹ wò ó pọ̀. Ẹ ní kó fi ọwọ́ yọ píìnì méjèèjì lójú yín. Ẹ bi í pé kí ni ó pa páàdì yìí. Bí kò bá ní èsì, ẹ má tíì rà á.

Nǹkan mìíràn tún wà tí owó iṣẹ́ tó kéré ń ṣe, ara ọmọ iṣẹ́ ló sì ń hàn. Mo rí ọmọ kan tí kò lè ju ọdún mẹ́rìnlá lọ tó gbé kálípà sún mọ́ ojú rẹ̀, tó sì fi ẹnu fẹ́ eruku dúdú inú rẹ̀ dànù. Láyé àtijọ́, asbestos wà nínú ọ̀pọ̀ páàdì bíréèkì. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sì ti sọ ọ́ gbangba pé gbogbo irú asbestos ló ń fa jẹjẹrẹ. Kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ ohun tó wà nínú páàdì tí kò ní orúkọ lára. Omi díẹ̀ tàbí aṣọ tútù ni ó yẹ kí wọ́n fi nu eruku náà, kì í ṣe ẹnu, kì í ṣe ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́. Ọmọ iṣẹ́ bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn fi aṣọ tútù nù ún. Ọ̀gá tí wọ́n bá san owó àkókò rẹ̀ ló máa ń ní àkókò láti kọ́ ọmọ ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń sáré kí ó lè kan ọkọ̀ kẹwàá kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyára ló ń kọ́ wọn.

Ẹ má sì jẹ́ kí a rò pé ariwo nìkan ni ohun tí mo sá fún. Bíréèkì tó ń fa ọkọ̀ láìdákẹ́ máa ń gbóná. Òróró bíréèkì tó ti pẹ́ máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, bí ooru bá sì pọ̀ jù, omi yẹn lè hó, kí ẹsẹ̀ yín sì wọlé títí dé ilẹ̀ láìjẹ́ pé ọkọ̀ dúró. Ibi tí mo máa ń rò ó sí ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Lọ́kọ́ja, pẹ̀lú ọkọ̀ àjàgbé níwájú, ìyá mi lẹ́yìn, tí ó ń ka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà rẹ̀. N kò fẹ́ kí ó jẹ́ àdúrà rẹ̀ nìkan ló ń dá ọkọ̀ yẹn dúró.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi kò gùn. Ẹ máa fa háńbíréèkì yín lójoojúmọ́, kí ó má baà gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìrìn àjò, ẹ na ọwọ́ sún mọ́ rímù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìfọwọ́ kàn wọ́n. Èyí tó bá gbóná ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Bí bíréèkì bá sì ń ké, kí ẹ tó béèrè iye páàdì, ẹ béèrè iye tí mẹkáníìkì yóò gbà láti wò ó. Ẹ san án láìyọ nínú rẹ̀. Ó lè sọ fún yín pé ẹ kò nílò láti ra ohunkóhun, a sì nílò àwọn mẹkáníìkì tó lè sọ bẹ́ẹ̀ kí ebi má pa wọ́n.